Eyín Kan Lẹ́nu Fóònù Ìyá

3.

…Bọ́tìnì A nìkan ló ń ṣe é, àwọn yòókù dá ṣáká, ohun tí Onísùúrù sọ nìyẹn, ó sì ti nawọ́ sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń tú fóònù kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní bọ́tìnì tuntun wà nínú páálí òun, irú ẹ̀ gan-an, wákàtí kan péré, obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ á sì máa gbé fóònù rẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni.

Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má tún A ṣe."

Onísùúrù ti ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà láti ìgbà tí fóònù ti tóbi tó búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é kíá. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn pa àwòrán rẹ́ kí ìyàwó tó rí i. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àìsàn sílẹ̀ lára aláìsàn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wá wo obìnrin náà dáadáa.

(Ẹ má bèèrè ìkíní àti ìkejì lọ́wọ́ mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bà mí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.)


4.

ÌWÉ ÌGBÀṢẸ́

Irú ẹ̀rọ: Fóònù dúdú. Ojú kékeré lókè, bọ́tìnì márùndínlógójì nísàlẹ̀.
Ẹni tó ni ín: Ìyá mi. (Ó fi bírò fà á rẹ́.) Èmi.
Ohun tó ń ṣe é: Bátìrì ti wú. Ó ń kú lójijì, kì í tètè jí. A ń lẹ̀.
Ohun tí oníbàárà fẹ́: Kí ó jí. Kí A wà bí A ṣe wà.
Àkíyèsí: Mi ò rí irú èyí rí.


5.

ỌJỌ́BỌ̀

4:40, Àbígbẹ̀yìn sí Ìyá:
maami boda ni ara yin o ya. se ki n maa bo

4:52, Ìyá sí Àbígbẹ̀yìn:
ma bo

4:55, Àbígbẹ̀yìn sí Ìyá:
o da ma. mi o ni wa. e pele


6.

Lẹ́tà mẹ́rin. Kò sí àmì ohùn kankan.


7.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè yìí ti rí wàhálà náà. Máa bọ̀: dìde, mú ọ̀nà pọ̀n. Má bọ̀: jókòó síbi tí o wà. Lẹ́nu, ọmọ ọdún méjì ò lè ṣì wọ́n gbọ́. Lójú fóònù, ìbejì tó jọra ni wọ́n, ìyá tó bí wọn nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá náà sì ti kú.

Obìnrin tó fọwọ́ bo fóònù yẹn ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ni gbogbo ilé ń pè é, títí ewú fi yọ lórí rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ó wà nínú oṣù kejì nínú oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, aṣọ ibùsùn ọgọ́ta ló wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì lọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ Ìyá, ó rí má bọ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi fóònù sápò, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí Ìyá fi kú. Oṣù mọ́kànlá rèé.


8.

Ó yẹ kí ẹ mọ Ìyá.

Atẹ̀wé ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìjọba, ó ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá tí kò lè kọ orúkọ ara wọn láìṣì í kọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kan àga. Kì í wo ìka rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá ló tẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, nítorí náà á yọ ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, á mú bírò dúdú, á máa fi àmì lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún padà fi ẹsẹ̀ sí ìdí àwọn tó yẹ kó ní ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ìhòòhò ló ń rìn lójú pópó.

Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí bọ́tìnì ara rẹ̀. Eyín ló ń pè wọ́n. Ó ní ẹ̀rọ tó bá léyín lẹ́nu ni ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ tán, ó sì mú bírò, ó fi àmì sí i lójú gíláàsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yí lọ sókè tí àmì dúró síbi tó wà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ló bá gbé òfin kalẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó kà á sí wọn létí. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí àmì, ma tó bá ní A kan, kí wọ́n kà á sí ẹ má ṣe é. Maa tó bá ní A méjì, kí wọ́n kà á sí ẹ ṣe é. Ó ní kí wọ́n dì í mú, nítorí òun kì í ṣi lẹ́tà tẹ̀.

Kì í ṣì í tẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.


9.

ÌPÈ ORÍ FÓÒNÙ, OṢÙ KAN ṢÁÁJÚ ỌJỌ́BỌ̀ YẸN
(bí Àbígbẹ̀yìn ṣe rántí rẹ̀)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ti yọ fóònù tuntun yẹn nínú páálí?
ÌYÁ: Mo ti yọ ọ́. Ó ń dán.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ti ń lò ó?
ÌYÁ: Kò léyín.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màámi.
ÌYÁ: Tí kò bá léyín, kí ni á fi jẹ ọ̀rọ̀? Mo fìka kàn án, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ bá mi dá a padà fún ẹ.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ṣá fẹ́ràn láti máa fi owó mi ṣòfò. Ọjọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá kú, ẹ má pe èmi o.
ÌYÁ: …
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ń gbọ́ mi?
ÌYÁ: Mo ti gbọ́. O ní kí n má pè ẹ́.


10.

(Ẹ̀yìn ìwé pélébé tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ oníbàárà. Ọwọ́ Àbígbẹ̀yìn ni.)

ÌDÍ TÍ ÌYÁ FI LÈ NÍ MÁ BỌ̀
Iṣẹ́ mi. Ó mọ̀ pé tí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á lé mi.
Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù.
Kò fẹ́ kí n rí òun bẹ́ẹ̀.
Òfin. A kan ni.

ÌDÍ TÍ ÌYÁ FI LÈ NÍ MÁA BỌ̀
Ìyá mi ni.


11.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí. Ó ka gbogbo ohun tí Ìyá fi ránṣẹ́ sí i láàárín ọdún kan, ó sì ṣà wọ́n.

Kí tíì tó dà:
maa jeun ki o to jade
maa ki awon ara ibi ise re
se daadaa ni o

Ọjọ́ tí tíì dà:
tii da si foonu mi lara. mo ti nu u. o n sise

Lẹ́yìn tíì:
ma jeun ki o to jade
ma gbagbe agboorun
se dada ni o
maa mu omi

Ọjọ́bọ̀ yẹn, àárọ̀:
mo sun daadaa

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìrọ̀lẹ́:
ma bo

Ìyá wo ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé má jẹun kí o tó jáde? Tíì oníṣúgà ló wọ abẹ́ A, A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀kan mì nínú méjì. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n A kò gbé ti omi mì. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, A mẹ́rin ló jáde nínú daadaa, wọ́n pé pérépéré. Kí ló wá ṣe A láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́?

Ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ, ó sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Bí A bá ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn, Ìyá ló ní kó jókòó, ó gbọ́ràn, bóyá Ìyá sì gbé ìbínú lọ. Bí A kò bá ṣiṣẹ́, Ìyá pè é, ó fi ìyá sílẹ̀ lójú ikú, ó sì ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn àlejò. Ó fẹ́ kí Ìyá ti pè é. Ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ohunkóhun.


12.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀dá Káfíńtà ni àkọ́bí. Yàrá Ìyá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló kan bẹ́ẹ̀dì tí Ìyá ń sùn lé, òun ló sì fúnra rẹ̀ kọ ojú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ pé ara Ìyá ò yá. Ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é. Ó sọ fún Ìyá pé Àbígbẹ̀yìn ń bọ̀. Ìyá ń wo ilẹ̀kùn. Títí ilẹ̀ fi ṣú tó fi mọ́, ó ń wo ilẹ̀kùn, Bọ̀dá Káfíńtà sì rí i, kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Àbí bẹ́ẹ̀dì ló kọjú síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ní ojúde, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

BỌ̀DÁ: Kí ló dé tí o ò wá?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ìyá ní kí n má bọ̀.
BỌ̀DÁ: Ìyá wo?
(Ó fi fóònù hàn án.)
BỌ̀DÁ: Máa bọ̀ rèé. Ta ni ò mọ̀?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: A kan ni, Bọ̀dá. Òfin Ìyá.
BỌ̀DÁ: Ìyá ń kú lọ, o ń ka A.

Bọ̀dá Káfíńtà kò tẹ̀lé òfin yẹn rí láyé rẹ̀. Ma kan ṣoṣo ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, pákó ló mọ̀ ọ́n wọ̀n, kì í wọn lẹ́tà. Ó lọ sínú yàrá, ó mú fóònù Ìyá jáde, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó máa wò ó dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.


13.

a

aa

aaaaaaaaa

aaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaaa


14.

Èyí tó wà lókè yẹn kò ní ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, Àbígbẹ̀yìn wà ní yàrá rẹ̀, ó ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Fóònù Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án. Ojú rẹ̀ tàn. A kan wọlé. Ó dúró díẹ̀. Òmíràn wọlé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, wọ́n ń tò lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n ń yí sí ìlà kejì, gbogbo A tí kò jáde nígbà tó yẹ kó jáde.

"Màámi?" ó ní.

Fóònù kú.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ò rí tó bá pe èèyàn, kí èèyàn má jẹ́ ẹ. Onísùúrù ti là á yé e nísinsìnyí pé ṣúgà ló rọ̀ lábẹ́ A, pé ooru ilé ìfọṣọ ló rọ̀ ọ́, nítorí pé inú àpò aṣọ iṣẹ́ ni fóònù náà ń gbé láti oṣù mọ́kànlá. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti jẹ́ ẹ kí ó tó gbà.


15.

LÁBẸ́ ÀTẸ̀GÙN

ONÍSÙÚRÙ: Kí lẹ fẹ́ kí A sọ fún yín gan-an?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Bóyá ó máa ń gbé ọ̀kan mì, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
ONÍSÙÚRÙ: Lónìí àbí lọ́jọ́ yẹn?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Lọ́jọ́ yẹn.
ONÍSÙÚRÙ: Tòní ló wà níbí, mà.
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Òun náà kọ́ ni?
ONÍSÙÚRÙ: Ìgbà mélòó lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòjọ́?
ÀBÍGBẸ̀YÌN: Mo kàn ń dán an wò.
ONÍSÙÚRÙ: Ẹ wo àwọn yòókù. Lẹ́tà ṣì wà lójú wọn. Ẹ wo A. Ó ti pá. Ìyá yín kọ́ ló pá a lórí bẹ́ẹ̀ yẹn.
(Àbígbẹ̀yìn tún fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.)
ONÍSÙÚRÙ: Ẹ ti ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè láti oṣù mọ́kànlá. Ẹnu ẹ̀ ti bó.


16.

Onísùúrù kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún oníbàárà. Ó ṣí ẹ̀yìn fóònù, ó fi ibi tó ti dípẹtà hàn án. Ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé kọjá lábẹ́ bọ́tìnì, ibẹ̀ ló sì ti jẹ. Kò sí bó ṣe lè dé ibẹ̀ láìṣí gbogbo bọ́tìnì kúrò, tó bá sì ṣí i, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ya. A àtijọ́ á lọ. Tí kò bá ṣí i, fóònù náà kò ní jí mọ́, gbogbo ohun tí Ìyá kọ sínú rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ó ní òun lè fún un níná láti orí tábìlì, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ó tẹ ohun tó bá fẹ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà kó sọ èyí tí òun máa ṣe.

Àbígbẹ̀yìn gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó yọ ẹ̀yìn kúrò lára àga. Ó gbé àtàǹpàkò méjèèjì lé bọ́tìnì bí Ìyá ṣe máa ń gbé e, ó gbójú sókè, kò wo ìka rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá bí Ìyá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. M, A, A.

Ìgbà kìíní: maa
Ìgbà kejì: ma
Ìgbà kẹta: ma
Ìgbà kẹrin: maaaa
Ìgbà karùn-ún: maa
Ìgbà kẹfà: m

Onísùúrù kò wo ojú rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú páálí.


17.

Ibi tó ti ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan náà ló ti rí i. Ojú fóònù ṣì ń tàn, ó sì nàka sí igun kan lókè níbi tí nọ́ńbà 1 wà. Ó bèèrè bóyá ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ tí kò tíì fi ránṣẹ́.

Kò mọ̀. Inú àwọn tó lọ àti àwọn tó dé ló ń wò fún oṣù mọ́kànlá. Kò ronú kan ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń dúró sí tí kò bá tíì lọ.

Ó ní kí Onísùúrù ṣí i.


18.

Ọjọ́bọ̀. 5:03. Sí Àbígbẹ̀yìn. Kò tíì lọ.

mo ni ma


19.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí Àbígbẹ̀yìn ti ní òun kò ní wá.

Mo ní máa. O ṣì mí gbọ́, ọmọ mi, dìde.
Mo ní má. Má jẹ́ kí wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́, kì í ṣe ìbínú.
Mo ní má. O ní kí n má pè ẹ́, mi ò sì pè ẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ló bá ẹnu Ìyá mu. Àbígbẹ̀yìn gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn rẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nídìí. Ó fi iwájú orí lé etí tábìlì Onísùúrù láàárín àwọn fóònù tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ó sì sunkún, kò bò ó. Kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, nítorí kò mọ èwo ni kó sun nínú méjèèjì.

Onísùúrù yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní iná orí tábìlì ti ń gbóná, kí ó dákun sọ èyí tí òun máa ṣe.


20.

"Ẹ yọ ọ́."


21.

Wákàtí kan ni lóòótọ́. Bọ́tìnì tuntun náà ṣe rẹ́gí, gbogbo lẹ́tà hàn ketekete lójú wọn. Onísùúrù di èyí tó yọ sínú ọ̀rá kékeré kan, ó tì í síwájú rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wò ó. Ó ní kó bá òun gbá a mọ́ ìdọ̀tí.

Ó tẹ A lẹ́ẹ̀mejì lórí tuntun. A méjì jáde. Kò ní ìtumọ̀ kankan.


22.

(Láti orí fóònù tirẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà, níwájú àtẹ̀gùn.)

2:10, Àbígbẹ̀yìn sí Bọ̀dá:
boda e kaasan. mo mo pe e o fe gbo ohun mi. mo ri oro kan ti maami ko lojobo yen ti ko lo. ko pari. mi o mo bi won se fe pari e. e ba mi ka a. se ki n maa mu un wa

2:10. Ó lọ.

2:11. Ó ti kà á.

2:19.

2:26.

2:31, Bọ̀dá sí Àbígbẹ̀yìn:
ma mu wa


23.

Ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í bóyá kò sí wàhálà. Ó ní kò sí. Ó tún un kà.

Bí ó bá tẹ nọ́ńbà Bọ̀dá, bóyá á gbé e lónìí. Á gbọ́ ohùn. Ohùn a máa lámì, kò sì ní sí iyèméjì mọ́: máa mú wá, tàbí má mú wá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ìpè. Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan ni. Ó yẹ kó ti bi Ìyá náà ní irú ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, kó pè, kó gbọ́. Aṣọ ni kò jẹ́ kó pè. Irọ́ ni, ìbínú wà níbẹ̀ náà, ó ti fi oṣù mọ́kànlá wá A kó má bàa sọ ọ́. Nígbà tó rí má bọ̀, nǹkan kan nínú rẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó gbé àtàǹpàkò kúrò.

Ó fi fóònù méjèèjì sínú àpò, ó sì kọjá sí òdìkejì ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò.


24.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyẹ̀fun pákó gba abẹ́ rẹ̀ jáde sí ojúde. Nínú, ẹnìkan ń fi ìfági fá pákó, ó ń fá a lọ, ó ń fá a bọ̀.

Àbígbẹ̀yìn kan ilẹ̀kùn.

Ìfági dúró.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò le, kò sì rọ̀.

"Èmi ni, Bọ̀dá," ó ní. "Mo ti wá."